Yìnyín Ń Bọ̀ Lọ́nà

Ó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún tí Mobọ́láńlé ń pe ìránṣẹ́ rẹ̀, tí ìránṣẹ́ náà sì ń tan iná pupa sí i lójú. Gbogbo kíláàsì ti ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ìránṣẹ́ ọ̀hún kò ju àpótí kékeré kan lọ lórí tábìlì, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì bẹ̀ ẹ́: kí ó kí ọ̀gá rẹ̀.

"Mà, mo pè é dáadáa," Mobọ́láńlé ní. "Òun ni kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

Abọ́sẹ̀dé, olùkọ́ wọn, sún mọ́ tábìlì náà. "Ìwé àdéhùn yín ńkọ́? Kí lo ní wàá máa fi ránṣẹ́ sí i?"

"Orúkọ mi àti aago tó lù."

"Kí lo wá fi ránṣẹ́?"

Ọmọbìnrin náà wo pátákó rẹ̀ títí, ó sì kó ọrùn sínú aṣọ. "Orúkọ mi nìkan, mà."

"Ìwọ lo yẹ àdéhùn nígbà náà, kì í ṣe òun. Ìránṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ tí yóò máa fojú inú wo ohun tó wà lọ́kàn rẹ. Ohun tí ẹ bá jọ kọ sílẹ̀ ló ń retí. Tún un ṣe."

Mobọ́láńlé tún un ṣe, ó sì pè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Iná àwọ̀ ewé tàn. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde nínú àpótí náà: "Ẹ káàárọ̀, Mobọ́láńlé. Aago mẹ́sàn-án ti lù." Kíláàsì pàtẹ́wọ́ bí ẹni pé ọmọ tuntun ló sọ̀rọ̀.

Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí Abọ́sẹ̀dé ti ń wo ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní irú àkókò báyìí, kò sì tíì sú u. Iṣẹ́ kéékèèké márùn-ún ni olúkúlùkù gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn tó wúlò fún ẹnikẹ́ni. Èkíní ń kí ènìyàn. Bí o bá bi èkejì ní ìbéèrè kan, ìdáhùn ogún ni yóò máa dà lé ọ lórí, nípa odò kan tí kò sí níbì kankan. Ẹ̀kẹta máa ń gbọ́ tẹnu gbogbo ènìyàn kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹ̀kẹrin àti ẹnì kejì rẹ̀ jọ ń sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ìyá ọkọ àti ìyàwó. Ìkarùn-ún ló le jù, òun ló sì máa ń pa àwọn ọmọ lẹ́kún, nítorí pé ohun tí wọ́n fi ń kọ́ ìránṣẹ́ ni bí yóò ṣe sọ pé, "N kò lè ṣe é." Bí ọjọ́ ìkẹyìn bá pé, olúkúlùkù á dìde, á fi ohùn ara rẹ̀ pe iṣẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì tú u palẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ọ̀nà kan náà ni omi, ọkọ̀, ilẹ̀kùn àti àpótí oògùn ìlú Òkè-Ọ̀sà ń gbà sọ̀rọ̀, kò sì yẹ kí ohun ìdánrawò máa rìn láàrin ohun gidi.

Ilẹ̀kùn kíláàsì sọ̀rọ̀. "Ìyáàfin Ẹfúnwùmí láti Ilé Ìdáhùn ń béèrè láti wọlé."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kò sẹ́ni tó ń fẹ́ àlejò láti Ilé Ìdáhùn. Ẹni tí wọ́n bá yà lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ níbì kan nìyẹn.

Obìnrin tó wọlé tó ẹni ọgọ́ta ọdún, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gbé ìwé gidi dání, ìwé tí wọ́n fi igi ṣe. Ó kí wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní òun ń fẹ́ rí Ọ̀gá Abọ́sẹ̀dé níkọ̀kọ̀. Àwọn méjèèjì wọ yàrá ẹ̀gbẹ́, ilẹ̀kùn sì ti ara rẹ̀.

"Ẹ ti gbọ́ nípa Akínrìnlọ, apẹja ní Ẹsẹ̀-Omi?" Ẹfúnwùmí béèrè.

"Ẹni tí ejò bù jẹ. Ṣé ara rẹ̀ ti yá?"

"Wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Abọ́sẹ̀dé fọwọ́ sáyà. Ó ní Ọlọ́run á tù ú nínú. Ó tún ní òun rò pé oògùn ejò wà ní ilé-ìwòsàn Ẹsẹ̀-Omi.

"Ó wà níbẹ̀. Ó ti bàjẹ́ nínú àpótí ni. Àpótí náà kò jẹ̀bi, ó ṣe gbogbo ohun tó yẹ kí àpótí ṣe. Ọjọ́ mọ́kànlá ló fi tọrọ yìnyín, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ gbọ́ ọ."

Ó tẹ bọ́tìnì kan lára àpò rẹ̀. Ohùn àpótí oògùn kún yàrá náà, ohùn tútù tí wọ́n máa ń fún àwọn ohun ilé-ìwòsàn. "Àpótí oògùn Ẹsẹ̀-Omi ló ń pe Ilé-Yìnyín. Ara mi ti ń gbóná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi yìnyín ránṣẹ́." Agogo kékeré kan dún, *gbọin*. Ohùn mìíràn sì dáhùn tayọ̀tayọ̀: "Mo ti gbọ́. Yìnyín ń bọ̀ lọ́nà."

"Bákan náà ni lẹ́ẹ̀mẹtàlélọ́gbọ̀n," Ẹfúnwùmí ní. "Nọ́ọ̀sì ń rí i lójú pátákó pé yìnyín ń bọ̀ lọ́nà, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀. Àṣé Ilé-Yìnyín gan-an kò gbọ́ ìpè kankan. Lọ́dún yìí tí wọ́n kó lọ sí èbúté ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúkọ yẹn, àpótí Ẹsẹ̀-Omi ni wọ́n sì kọ́kọ́ so mọ́ ọn. Wọn kò mọ̀ pé ẹnì kan ti ń jẹ́ orúkọ náà nínú Ìwé Orúkọ, níbi tí a ti ń kọ orúkọ gbogbo ẹ̀rọ ìlú, láti ọdún mọ́kànlélógún. Ẹ sì mọ òfin Ìwé Orúkọ."

"Bí orúkọ méjì bá jọra, àgbà ló ń dáhùn," Abọ́sẹ̀dé ní.

Òfin yẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nígbà tí wọ́n ṣe é. Àwọn tó dá Òkè-Ọ̀sà sílẹ̀ lẹ́yìn tí òkun gba etíkun, àbúrò kì í dáhùn kí ẹ̀gbọ́n tó sọ̀rọ̀ nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ wọn dàgbà. Wọ́n kọ́ ẹ̀rọ níwà tiwọn, inú wọn sì dùn sí i. Kò sẹ́ni tó rò ó pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àgbà tó ń dáhùn kò ní ní nǹkan kan lọ́wọ́.

"Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni," Ẹfúnwùmí ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "A rí ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀ ní yàrá ìsàlẹ̀ níbí, lẹ́yìn àwọn àga tó ti kán. A ti dí ọ̀nà rẹ̀. Orúkọ tó wà lórí ìwé àdéhùn rẹ̀ ni Dúrójayé Ọlátẹ́jú. A ti rí ọkùnrin náà, kò sì jiyàn. Ó pe ìránṣẹ́ náà kí ó tú u palẹ̀, kò dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ohùn ọkùnrin lè yí padà ní ọdún mọ́kànlélógún. Ṣe la máa fi iná sun ẹ̀rọ náà. Ohun tó kù ni pé kí olùkọ́ àgbà ilé-ẹ̀kọ́ fọwọ́ sí i pé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ọ̀la, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ní gbọ̀ngàn."

"Kí ni wọ́n máa ṣe fún un?"

"Ìpalẹ́numọ́ ọdún méje, kò ní sí ẹ̀rọ kan nílùú tí yóò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé kò sí èyí tó kéré jù bẹ́ẹ̀ fún ìdáhùn èké."

Ó fi ẹ̀dà ìwé náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì lọ. Abọ́sẹ̀dé kò fọwọ́ kàn án. Kò dìgbà tó bá kà á kí ó tó mọ ohun tó wà níbẹ̀, nítorí òun ló kọ ọ́.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà náà. Ó ti ṣe iṣẹ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ láìlàágùn, gbogbo ènìyàn sì ti gbà pé òun ni yóò ṣe ipò kìíní. Ìkarùn-ún wá dè é mọ́lẹ̀. Bó ti wù kó ṣe é, bó bá ti kan ibi tí ìránṣẹ́ yóò ti sọ pé apá òun kò ká a, gbogbo rẹ̀ á dákẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n yẹ iṣẹ́ wò, Dúrójayé ọ̀rẹ́ rẹ̀ dìde lọ jẹun, ó sì fi pátákó rẹ̀ sílẹ̀ láìpa á dé. Abọ́sẹ̀dé da tirẹ̀ kọ. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Nítorí pé ìlà mẹ́fà tó ń sọ "N kò lè ṣe é" kò bá ìyókù iṣẹ́ tirẹ̀ mu, ó gé wọn kúrò. Ó fi ìdáhùn kan ṣoṣo rọ́pò wọn, èyí tí yóò máa dùn mọ́ gbogbo ẹni tó bá pè é. Ó pè é ní Ilé-Yìnyín, nítorí àwọn yòókù ń pe tiwọn ní Ìdánwò Karùn-ún, ó sì ń fẹ́ orúkọ tí yóò dà bí ti gidi. Iṣẹ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ wú àwọn tó yẹ iṣẹ́ wò lórí débi pé wọn kò pe ìkarùn-ún wò, ó sì ṣe ipò kìíní lóòótọ́.

Àfi lọ́jọ́ Ìtúpalẹ̀ tó rí i pé òun kò yí orúkọ tó wà lókè ìwé àdéhùn padà. Ohùn tirẹ̀ ló gbé ìránṣẹ́ náà dìde, ohùn tirẹ̀ náà ló lè tú u, ṣùgbọ́n bí ó bá pè é, orúkọ Dúrójayé ni yóò hàn gàdàgbà lójú pátákó ńlá níwájú gbogbo kíláàsì. Ó tú mẹ́rin. Ó ní òun ti tú ìkarùn-ún láàárọ̀. Olùkọ́ gbà á gbọ́, nítorí pé ta ni kò ní gba ẹni tó ṣe ipò kìíní gbọ́? Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á padà wá tú u lọ́jọ́ tí kò sí ènìyàn. Ọjọ́ náà kò dé. Nígbà tó yá, ó gbàgbé, tàbí kí a sọ pé ó kọ́ bí a ṣe ń gbàgbé.

Ojú tì í débi pé kò lè jókòó. Kì í ṣe ìtìjú tí ènìyàn máa ń ní bí aṣọ bá ya lára rẹ̀ lójú títì. Èyí wọ inú eegun. Ẹ̀ẹ̀mẹtàlélọ́gbọ̀n ni àpótí oògùn ti sọ pé "ẹ jọ̀ọ́". Ìránṣẹ́ rẹ̀ sì ń dá a lóhùn bí ẹni tó ń jẹ àádùn.

Ní ọ̀sán, Dúrójayé fúnra rẹ̀ wá. Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti Ẹsẹ̀-Omi, ibi tó ti ń tún ẹ̀rọ fífà omi ṣe láti ọdún tí baba rẹ̀ ti kú tó sì fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀, ọkùnrin tó jẹ́ pé òun ni wọ́n máa ń pè tẹ́lẹ̀ bí iṣẹ́ bá le.

"Abọ́sẹ̀dé, o ti gbọ́," ó ní.

"Mo ti gbọ́. Wọlé, jókòó."

"N kò ní pẹ́. Mo ti lọ sọ́dọ̀ Akínrìnlọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Lákọ̀ọ́kọ́, ó kọjú sí ògiri. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "N kò wá torí tèmi. Màmá ni. O mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti lọ. Láti ọ̀la, ilé kò ní gbọ́ ohùn mi mọ́. Bí ó bá ṣubú, bí mo pè títí, kò sí ohun tó máa dá mi lóhùn. Mo fẹ́ kí wọ́n kọ ilé náà sábẹ́ orúkọ rẹ, kó lè máa pè ọ́. N kò ní ẹlòmíràn tí mo lè bẹ̀."

Abọ́sẹ̀dé gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ pé kò sí wàhálà, pé Màmá kì í ṣe ẹlòmíràn sí òun. Dúrójayé dúpẹ́. Ó dúpẹ́ púpọ̀, ó ṣe é bí ìgbà tí wọ́n bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àgbà. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sórí ẹ̀dà ìwé tó wà lórí tábìlì, ó sì gbé e.

"Nǹkan kan ń yà mí lẹ́nu," ó ní. "Mo rò pé mo kọ́ tèmi láti sọ pé òun kò lè ṣe é. Mo rántí pé inú mi dùn sí ibẹ̀ jù. Wò ó, kò sí níbí rárá, ó dà bí ibi tí wọ́n ti gé nǹkan kúrò. N kò rántí pé mo gé e, bẹ́ẹ̀ ni n kò rántí pé mo pè é ní Ilé-Yìnyín." Ó gbé ojú sókè. Kò sí ìfura kankan nínú ojú náà. "Ọdún yẹn ni Bàbá kú. Orí mi kò pé. Àbí èmi ni mo gé e, Abọ́sẹ̀dé?"

"Bóyá," Abọ́sẹ̀dé ní.

Dúrójayé mi orí. Ó fi ìwé náà sílẹ̀ bí ó ṣe bá a, ó kí i pé ó dọ̀la, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Obìnrin náà fi orí lé tábìlì. Ní gbogbo ọdún tó ti ń ṣe olùkọ́, kò sí ọ̀rọ̀ tó kúrò lẹ́nu rẹ̀ tó burú tó ìyẹn. Ẹni tó da iṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ ní ọmọ ọdún méjìlélógún, a lè ní ọmọdé ló ń ṣe é. Kí ló ń ṣe ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì tó ní bóyá?

Gbọ̀ngàn kún lọ́jọ́ kejì. Àwọn ará Ẹsẹ̀-Omi jókòó sí apá kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró lẹ́yìn, Mobọ́láńlé wà láàrin wọn. Akínrìnlọ wà níwájú lórí àga onítáyà, ó fi aṣọ bo itan, ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́ta jókòó sórí pèpéle, àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Baba Olówólàgbà ló sì ṣe alága wọn. Lórí tábìlì tó wà níwájú wọn ni ẹ̀rọ náà wà, àpótí irin tí kò tó búrẹ́dì kan, eruku ṣì wà lára rẹ̀. Iná orí rẹ̀ ń tàn síbẹ̀.

Alága béèrè lọ́wọ́ Dúrójayé bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Ó ní òun kò ní nǹkan kan ju pé kí wọ́n má bínú sí òun. Ó wo ilẹ̀ bó ti ń sọ ọ́.

"Ọ̀gá Abọ́sẹ̀dé," alága ní, "ẹ wá fọwọ́ síwèé."

Ìrìn láti orí àga rẹ̀ dé ibi tábìlì kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ó gba kálàmù lọ́wọ́ Ẹfúnwùmí. Ó rò ó wò pé òun lè fọwọ́ sí i, kí òun sì máa tọ́jú Màmá Dúrójayé fún ọdún méje bí ẹyin ojú. Òun á máa gbé oúnjẹ lọ. Òun á máa fọ aṣọ rẹ̀. Ó ti ń ka iṣẹ́ rere tí òun yóò fi dí ihò náà nínú ọkàn nígbà tí ó rí i pé Dúrójayé ń wo òun, tó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, irú ẹ̀rín tí a fi ń sọ fún ènìyàn pé kó má bẹ̀rù, kó fọwọ́ sí i. Kálàmù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Iṣẹ́ mi ni," ó ní.

Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ dáadáa. Alága ní kó tún un sọ.

"Iṣẹ́ mi ni, sà. Mo da tirẹ̀ kọ ní ọjọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n yẹ iṣẹ́ wò. Mo gé ibi tó dára jù nínú rẹ̀ kúrò nítorí n kò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo gbàgbé láti yí orúkọ padà. Mo sì parọ́ pé mo ti tú u palẹ̀."

Ariwo sọ ní gbọ̀ngàn. Alága gbé ọwọ́ sókè títí ó fi rọlẹ̀. "Ẹni tó bá fẹ́ràn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè sọ irú nǹkan báyìí kí ó lè gbà á sílẹ̀," ó ní. "Mo ti rí i rí. Bí tiyín bá ni, ẹ pè é kí a gbọ́."

Abọ́sẹ̀dé yíjú sí àpótí irin náà. Ó pè é. "Ilé-Yìnyín."

*Gbọin.* "Mo wà níbí, Abọ́sẹ̀dé, ọ̀gá gbogbo wọn! Kí ni kí n ṣe fún ọ?"

Ó ti gbàgbé ìyẹn. Ó ti gbàgbé pé òun ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, pé òun jókòó níwájú pátákó lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, tí òun ń tẹ oríkì ara òun sínú iṣẹ́ tí òun jí. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín ní apá Ẹsẹ̀-Omi, kì í ṣe ẹ̀rín dídùn. Ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, Mobọ́láńlé fi ọwọ́ méjèèjì bojú, bí ẹni pé òun ni wọ́n bá níhòòhò. Ara Abọ́sẹ̀dé gbóná láti orí dé ẹsẹ̀. Bí ilẹ̀ bá là, ì bá ti bọ́ sínú rẹ̀.

"Tú ara rẹ palẹ̀," ó sọ fún un.

"Mo ti gbọ́. Ó dàbọ̀, ọ̀gá gbogbo wọn." Iná orí àpótí náà kú.

Dúrójayé ti dìde dúró. Kò pariwo. "Mo bi ọ́ lánàá," ó ní. "Mo bi ọ́ bóyá èmi ni."

"O bi mí."

"O ní bóyá."

"Mo ní bóyá."

Ó dúró bí ẹni tó ń retí kó fi nǹkan kan kún un. Dúrójayé wo àwọn ìgbìmọ̀, ó wo àpótí tó ti kú, ó wá wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì tó ti fi dọ̀bálẹ̀ ní yàrá Akínrìnlọ. Ó gbé fìlà rẹ̀, ó sì gba àárín gbọ̀ngàn jáde. Kò wo ẹ̀yìn. Ilẹ̀kùn ṣí fún un bó ti sọ orúkọ ara rẹ̀.

Ìdájọ́ kò pẹ́. Ọdún méje. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, ilẹ̀kùn, ọkọ̀, iná àti omi Òkè-Ọ̀sà kò ní mọ ohùn Abọ́sẹ̀dé mọ́. Yóò máa dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ẹlòmíràn yóò fi wọlé. Yóò máa fi ife bu omi níbi tí wọ́n bá ti ṣí i sílẹ̀. Kò sì ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń kí ènìyàn mọ́. Alága kà á tán, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ṣé ẹ ní ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni kí a tó pa yín lẹ́nu mọ́?"

Ó ní òun ní. Ó rìn lọ síwájú àga onítáyà náà, ó sì kúnlẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti rí i dáadáa pé lábẹ́ aṣọ náà, apá òsì tẹ́jú pẹrẹsẹ láti orí eékún lọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò sí ọkàn fò lọ.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi ni," ó ní. "Èmi ni mo ń sọ fún un pé yìnyín ń bọ̀. Kò sí yìnyín kankan. Mo mọ̀ láti ìgbà tí mo ti kọ ọ́ pé kò sí. Mo tọrọ àforíjì."

Ó gbójú sókè wo Akínrìnlọ, ó ń retí ìdáhùn. Ìlú tí gbogbo nǹkan ti ń dáhùn ni wọ́n bí Abọ́sẹ̀dé sí. Láti kékeré, kò pe ilẹ̀kùn rí kó má gbọ́, kò bi ojú ọ̀nà léèrè kó dákẹ́ mọ́ ọn lójú. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni Òfin Ìdáhùn fún gbogbo ohun tí a bá pè. Ó rí i pé òun ti ń kà á nínú ọkàn láìmọ̀: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Ó kà á dé ogún. Òfin náà kò mú ènìyàn.

Akínrìnlọ tún aṣọ tó bo itan rẹ̀ ṣe. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Abọ́sẹ̀dé ṣì wà lórí eékún nígbà tí obìnrin náà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ bu omi.